Ìwé Tó Ní Epo Lára

Ẹnu mi ló kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́ fún mi ní ìlú Ìjàgbà. Obìnrin kan tí kò mọ̀wé rárá ló bá mi tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì tíì dúpẹ́ tó.

Ọmọ àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni mí. Mùsùlùmí ni bàbá mi, iṣẹ́ télọ̀ ló sì ń ṣe. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní láíbìrì kan níbẹ̀. Mo ń tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé, mo ń to ìwé sórí pẹpẹ, mo sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n panu mọ́. Kí n má purọ́, ibi ìpanumọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹnu mi mú nígbà yẹn, bí abẹ bàbá mi.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, obìnrin kan tó jẹ́ àgbà sí mi lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, sọ pé kí àwa méjèèjì máa gbé ìwé lọ fún àwọn ọmọ Ìjàgbà ní ọjọ́ Sátidé. Ẹnikẹ́ni ò ní sanwó fún wa. Ó bi mí bóyá mo máa lè ṣe é, mo ní kí ló dé tí n kò ní lè ṣe é. Ọ̀gá wa yọ̀ǹda ọgọ́ta ìwé nínú àpótí onípákó kan. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kó tó jẹ́ ká gbé e: ní ìparí ọdún ilé ìwé, òun fúnra òun máa wá gbọ́ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń kàwé. Bí wọ́n bá ń kà, àpótí náà di ti Ìjàgbà títí láé. Bí wọn ò bá kà, òun á gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó kó gbogbo ègé aṣọ tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rán àpò kọ̀ọ̀kan fún ìwé kọ̀ọ̀kan: ti ańkárá, ti léèsì, ti àrán pàápàá. Ẹni tó bá rí àwọn àpò yẹn á rò pé wúrà ló wà nínú wọn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, àwọn ọmọ àti ìyá wọn kún kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Mo gun orí bẹ́ǹṣì.

“Ẹ gbọ́ o! Ìwé ìjọba nìyí. Ẹni tó bá fi epo yí i, tó bá fi èédú yí i, tó bá ká a létí, kò tún ní yá ìwé mọ́ láéláé!”

Gbogbo ilé dákẹ́. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ìwé náà padà wá. Háà! Wọ́n mọ́ ju bí mo ṣe kó wọn lọ. Kò sí àbàwọ́n, kò sí etí tó ká, òórùn káfúrà ló sì ń jáde lára wọn. Mo kó òmíràn fún wọn, bákan náà ni wọ́n tún padà. Nígbà tí mo dé Ọ̀wọ̀, mo fọ́nnu kiri ibi iṣẹ́ pé ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé ní Ìjàgbà, ẹ̀yin ará ìgboro ẹlẹ́gbin wọ̀nyí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bà á jẹ́ fún mi. Ọmọbìnrin kan ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí tà. Nígbà tí ọmọ náà yọ ìwé tirẹ̀, àpò àrán bàbá mi ti dúdú. Àmì àtàǹpàkò elépo wà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, gàrí sì ń já bọ́ láàárín rẹ̀. Inú bí mi, mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. A ò tíì kà á tán.”

“Ẹ ò tíì kà á tán kẹ̀?” ni mo dáhùn. “Ṣé ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a padà ni?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo fa igi lé orúkọ ọmọ náà lójú wọn. Ọmọ náà kò sunkún. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò títí ìyá rẹ̀ fi fà á jáde. Mo ju ìwé náà sínú báàgì mi, kí n lè gbé e fún ọ̀gá wa kó bá mi fọwọ́ sí i pé ó ti bàjẹ́. Ọ̀gá wà ní ìrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe ń bá mi lọ bá mi bọ̀.

Nígbà tó ku oṣù kan tí ọ̀gá máa wá, mo ní kí àwọn ọmọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n kà. Ẹni àkọ́kọ́ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹnì kejì ní òun ti gbàgbé. Ẹnì kẹta ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún mi.

“Àǹtí, ìyá mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ní bí mo bá ṣí i, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi.”

Mo ní ta ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ lọ sókè yíká kíláàsì. Àwọn kan ò tiẹ̀ yọ ìwé kúrò nínú àpò rí. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbé e sáàárín ìró pẹ̀lú káfúrà, wọ́n á dá a padà. Obìnrin àgbà tí a jọ ń lọ wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọwọ́ tó wà lókè. Ìbá sàn kó bú mi.

Mo jáde síta, ojú ń tì mí. Ibi tí mo ń lọ kò yé mi. Mo kàn rí ara mi lẹ́yìn àtíbàbà ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, mo sì gbọ́ ohùn ìyá ọmọ yẹn. Àwọn obìnrin bíi mẹ́fà ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú rẹ̀. Ó ń ro gàrí nínú agbada, ó sì ń sọ̀tàn fún wọn: ajá kan tó sọnù lọ́jọ́ ọjà, bó ṣe tẹ̀ lé ẹlẹ́ran, bí àwọn ọmọ ṣe sọ ọ́ lókùúta, bó ṣe dé etí odò tí odò sì kún. Ìtàn inú ìwé elépo náà ni!

“Ó wá ṣe báwo?” ni ẹnì kan béèrè.

“Ibi tá a kà á dé nìyẹn,” ló sọ. “Ọmọ mi ló ń kà á fún mi níbí lójoojúmọ́. Ibẹ̀ la wà tí Àǹtí fi gba ìwé.”

Bó ṣe gbójú sókè ló rí mi. Mo rò pé ó máa bú mi, ó sì tọ́ sí mi. Ìbéèrè ló bi mí.

“Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ajá yẹn, ṣé ó padà délé?”

Èmi ni mo tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé yẹn. Èmi ni mo fi sínú àpò. Èmi ni mo jà lórí rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá ajá délé.

“Mama,” ni mo sọ, “èmi náà ò tíì kà á.”

Yéè! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín jù, ó sì na àpótí ìjókòó sí mi. Mo yọ ìwé náà nínú báàgì. Ọmọ rẹ̀ ń sẹ́ gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ funfun báláú. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé kó lọ fọwọ́ ná. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó kà á. Ó ń kọsẹ̀, ó ń tún un kà, èéfín ń wọ̀ wá lójú. Ajá náà délé, ó tiẹ̀ bímọ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà. “Ṣé mo sọ fún yín!” ni ìyá rẹ̀ ń pariwo, ó ń fi igbá lu etí agbada. Èmi kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n forí jì mí. Omijé ti bò mí lójú.

“Ẹ dìde, ẹ dìde, aṣọ yín á jóná,” ló sọ. “Ẹ bá wa mú òmíràn wá.”

Òun náà ló rìn kiri Ìjàgbà lọ́sẹ̀ yẹn láti ilé dé ilé. “Ẹ yọ ìwé kúrò nínú àpótí o! Àǹtí gan-an ò kà á!” Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n kò sì lè bínú. Láàárín oṣù kan, ìwé dé oko, ó dé ìdí ọlọ, ó dé abẹ́ igi. Èmi náà ń ka tèmi nínú ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, títí mo fi ka ọgọ́ta náà tán.

Ọ̀gá wá lọ́jọ́ tó dá. Ó ṣí àpótí, ó mú ìwé kan, ojú rẹ̀ yí padà. Ó mú òmíràn. Epo. Ó tún mú òmíràn. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Ta ló ba ìwé jẹ́ báyìí?”

Mo bọ́ síwájú. “Èmi ni, sà. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa kà á níbi iṣẹ́.”

Ó tún na ọwọ́ sínú àpótí. Ìwé ajá ló wá sí i lọ́wọ́, èyí tó burú jù. Ó ṣí i láàárín, ó na án sí ọmọ tó sún mọ́ ọn jù, ọmọ oníyangàrí náà ni. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kó tó parí gbólóhùn kan, àwọn ìyá tó dúró lójú fèrèsé ti parí rẹ̀ fún un. Ọ̀gá yíjú sí èyí tí ohùn rẹ̀ ròkè jù.

“Mama, ṣé ẹ mọ̀wé ni?”

“N ò mọ̀ ọ́n, sà,” ni ìyá náà wí. “Ajá yẹn ni mo mọ̀.”

Ọ̀gá pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́. Ó dá a padà sínú àpótí, ó sì sọ fún awakọ̀ rẹ̀ pé kó ṣí ọkọ̀, àwọn ń lọ. Awakọ̀ ti fẹ́ gbé àpótí. Ọ̀gá ní kó fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ láíbìrì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò tún fi ìwé kankan lé ọmọdé lọ́wọ́ mọ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kà á dé òpin, torí bóyá ìyá rẹ̀ á bi mí. Ẹ ṣeun, Mama.