Ásíìdì Inú Ìtọ̀ Ọmọ Mi

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní kẹ́místrì ní Ìbàdàn kí èmi àti ọkọ mi tó kó wá sí Toronto. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ásíìdì olórí méjì. Èmi ni mo fún wọn lórúkọ yẹn, nítorí pé ibi méjì ni wọ́n ti lè di nǹkan mú, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní ìdí. Màá mú ọ̀kan nínú wọn, ọ́ksálíìkì, wá sí kíláàsì, màá fi fọ àbàwọ́n irin tó dógùn-ún kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Màá sọ fún wọn pé málíìkì ló ń mú kí ápù máa kan lẹ́nu, pé adípíìkì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe náílọ́nù, tó fi dórí irun búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi fọ eyín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ìbàdàn la ti bí àkọ́bí wa, ọkùnrin. Kò tíì pé ọdún kan tó ti ń rìn. Nígbà tó di ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún, èébì mú un. Ó bì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò gba ọmú, kò gba ògì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó sùn. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Mo po omi ṣúgà sínú kọ́ọ̀bù, mo fẹ́ jí ọmọ náà kí n fún un.

Màmá ní, "Fi í sílẹ̀ kó sùn. Ó ti sunkún tó. Oorun ni ara rẹ̀ ń bèèrè."

Mo gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù. A gbé e dé ọsibítù, dókítà sì ní a ti pẹ́ jù. Ibà ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ẹbí sin ín, wọn ò jẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ̀ dé ibẹ̀.

Mi ò bú ìyá ọkọ mi rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò jókòó tì wọ́n mọ́. Tí wọ́n bá wọlé, màá kúnlẹ̀ kí wọn, màá wá nǹkan ṣe ní kíṣìnnì.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, a ti wà ní Toronto, mo bí obìnrin. Màmá wá láti Ìbàdàn láti bá wa wẹ ọmọ. Kí a tó kúrò ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gún ọmọ ní gìgísẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí páálí kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ tuntun níbí. Ní ọjọ́ karùn-ún, fóònù dún. Obìnrin kan láti ọsibítù ní kí n gbé ọmọ wá lọ́jọ́ náà gan-an, kí n má sì jẹ́ kó pé wákàtí mẹ́ta láìjẹun. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀.

Ọjọ́ tí èsì jáde, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú Whitby, èmi àti Màmá la jọ lọ. Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó yí ìwé sí mi kí n lè rí i. Adípíìkì. Subéríìkì. Sebásíìkì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ásíìdì olórí méjì tí mo fi ń dá àwọn ọmọ kíláàsì lára yá ló kún inú ìtọ̀ ọmọ mi.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tí oúnjẹ bá tán lára, ara á máa gé ọ̀rá tó ti kó pamọ́ kékeré kékeré, á fi dáná. Ohun tó yẹ kó máa gé ọ̀rá náà nígbà tó bá kúrú dé àyè kan ni kò ṣiṣẹ́ lára ọmọ mi. Ara á wá gbìyànjú láti ìdí kejì, á sọ ọ̀rá náà di olórí méjì, á sì tọ̀ ọ́ dànù. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á máa wálẹ̀. Ọmọ á sùn. Ọ̀dọ̀ èmi àti bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀.

Ó bi mí bóyá ọmọ wa kan ti kú rí. Mo sọ fún un. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò mọ́.

Màmá fà mí láṣọ. "Kí ni wọ́n wí? Kí ni oògùn rẹ̀?"

"Oúnjẹ ni, mà. Kò gbọdọ̀ pẹ́ láìjẹun. Tó bá ń bì, ká sáré gbé e wá kí wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára."

"Omi ṣúgà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá wo ọmọ tó wà lórí itan wọn. "Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn?"

Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń retí kí wọ́n rántí kọ́ọ̀bù yẹn. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ọmọ náà mọ́ àyà, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́, mà. Èmi ni mo gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Tísà kẹ́místrì ni mí, èmi náà ò mọ̀."

"Èmi ni mo ní kó sùn," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ọmọ náà dání nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, wọn ò gbé e fún mi títí a fi délé.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bèèrè bóyá Màmá ti gbọ́. Mo ní wọ́n wà níbẹ̀. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde.

Oṣù mẹ́fà ni Màmá lò lọ́dọ̀ wa. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ aago oúnjẹ ọmọ. Tó bá kù díẹ̀, wọ́n á ti gbé e dìde, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n ń padà lọ, ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n di apá mi mú, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Mo gbá wọn mú kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. A sunkún níbẹ̀ bí ẹni pé òní lọmọ náà kú. Màmá jáde láyé ní ọdún kejì lẹ́yìn náà.

Ọmọbìnrin wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Tí mo bá ní "Jẹun," á ní, "I'm full, Mummy." Ọkọ mi á ní kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀, pé ó ti dàgbà díẹ̀, ó lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀. Màá ṣì bù ú sí i.

Nígbà òtútù tó kọjá, èébì mú òun náà. A gbé e wọ mọ́tò, a mú lẹ́tà tí dókítà kọ fún wa dání. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì kà á, kò sì jẹ́ ká jókòó dúró rárá. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára. Láàárín wákàtí mélòó kan, ó lajú, ó ní ká tan kátúùnù fún òun.

Ọkọ mi yíjú sí ògiri. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin àkọ́bí wa, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé wa. Ọkọ mi pè é, lẹ́ẹ̀kan péré, ohùn rẹ̀ kéré. Ọmọbìnrin wa bi wá ta ni ìyẹn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni." Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe rí fún un.