Ẹyẹ Abẹ́ Ọ̀dà Funfun

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó nà gbọọrọ sórí ilẹ̀ nínú yàrá òfìfo, tó ń wo ògiri bí ẹni ń wo sinimá, ẹ má pariwo pé ó dákú. Màmá Ọlọ́dà ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kun ilé, láti nǹkan bí ogún ọdún sì ni ó ti ń ya igi, òdòdó àti ẹranko sára yàrá àwọn ọmọ tuntun. Kì í fọwọ́ kan búrọ́ṣì ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Á dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n máa gbé ibùsùn ọmọ sí, torí ó gbà pé ayàwòrán tó bá ń dúró wo ògiri, àwọn àlejò ẹnu ọ̀nà ló ń yàwòrán fún, kì í ṣe ọmọ. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, á tòògbé díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ló ń fi oorun jẹun láyé.

Yàrá tó dùbúlẹ̀ sí lọ́jọ́ tí à ń wí yìí kéré, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Tíṣà kan ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Ìyàwó Tíṣà, aránṣọ, wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ. Kí ọkùnrin náà tó lọ síléèwé ló ti ka gbogbo ohun tó fẹ́ sílẹ̀: igbó, odò, labalábá, àgbọ̀nrín, àti erin kan tí inú rẹ̀ dùn. Bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé inú erin dùn, ẹ bi Tíṣà. Ìgbà tó ka ìyẹn tán ló rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mà, ìyàwó mi kì í wọ yàrá yìí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Mo kàn fẹ́ kí yàrá náà lẹ́wà débi pé kò ní mọ ìgbà tó máa wọlé.”

“Kí ló dé tí kì í wọ̀ ọ́?”

“A ti bí ọmọ kan rí, Mà. Obìnrin ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò bá wa wálé láti ọsibítù.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Màmá Ọlọ́dà ń rò lórí ilẹ̀ tó wà. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ láti pálọ̀: á sáré díẹ̀, á dúró, á tún sáré. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ògiri funfun. Oorun ń gbé e lọ. Ó rí igbó. Ó rí ewé tó ń mì láìsí atẹ́gùn, ó rí omi tó ń ṣàn gba abẹ́ fèrèsé kọjá, ó tún rí ẹyẹ kékeré kan lápá òsì tó na ìyẹ́ kan sókè. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó lajú, igbó ti lọ, odò ti lọ, ẹyẹ ò lọ.

Ó dìde jókòó, ó nu ojú. Ẹyẹ náà ṣì wà níbẹ̀ bí òjìji lábẹ́ ọ̀dà, níbi tí oòrùn ti fẹ̀gbẹ́ tàn sí ògiri. Ó sún mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rá a wò. Ẹni tó kun funfun yìí kì í ṣe oníṣẹ́ rárá. Kò fọ ògiri, kò họ ọ́, ọ̀dà olómi ló lọ kùn lé ọ̀dà elépo lórí, àwọn méjèèjì yẹn kì í sì í di ara wọn mú. Màmá Ọlọ́dà fi èékánná họ igun kan. Funfun náà bó bí èèpo ẹyin sísè, búlúù tó mọ́ kedere yọ jáde. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, kó tó rántí ilé tó wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́.

Aránṣọ ti dé ẹnu ọ̀nà, tépù ìwọnṣọ kọ́ ọ lọ́rùn, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kọjá ibi tí ilẹ̀ yàrá ti bẹ̀rẹ̀.

“Màmá, kí lẹ̀ ń họ yẹn?”

“Má bínú, ìyàwó mi. Ẹyẹ kan ni mo rí.”

“Èmi ni mo yà á.” Ohùn rẹ̀ gbẹ. “Mo ṣì wà lọ́sibítù nígbà tí ọkọ mi kùn ún pa. Mo délé, mo bá gbogbo ògiri ní funfun, bíi pé ẹnì kankan ò wá rí. Mi ò bá a jà. Mo kàn ti ilẹ̀kùn ni.”

Ọ̀rọ̀ náà ká Màmá Ọlọ́dà lára. Kíkun nǹkan bo nǹkan ni iṣẹ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí, kò sì rò ó rí pé ẹnì kan lè máa ṣọ̀fọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ó lè ya erin Tíṣà lé e lórí kí ilẹ̀ tó ṣú. Yàrá á lẹ́wà, ọmọ tuntun á sì máa sùn níbi tí ìyá rẹ̀ ń sá fún.

“Ṣé kí n kùn ún, àbí kí n ṣí i?” ló bi í. “Ohun tó o bá sọ ni mo máa ṣe.”

Aránṣọ tẹjú mọ́ igun búlúù náà.

“Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ṣé kò ní bàjẹ́?”

“Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti sùúrù ló fẹ́, kò ní bàjẹ́. Àmọ́ mi ò lè dá a ṣe. Ẹ̀yìn ń dùn mí.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn látàárọ̀?” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà láìròtẹ́lẹ̀.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó dúró. Ó gbé èkejì. Màmá Ọlọ́dà ò wò ó, ó ń ṣe bí ẹni ń wá àkísà, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sún mọ́ ògiri fún un. Omi ti kún ojú Màmá Ọlọ́dà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Funfun ń já bọ́ wẹ́wẹ́ lé wọn lórí itan, ariwo àdúgbò ń wọlé láti ọ̀nà jíjìn bíi pé ayé mìíràn ni. Aránṣọ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ìka ọmọ náà gùn, ó ní wákàtí kan ni wọ́n jẹ́ kóun gbé e mọ́ra. Wọn ò mọ ìgbà tí ọ̀sán pọ́n tó sì rọ̀. Ìgbà tí Tíṣà dé, pẹ̀lú ẹfun ṣọ́ọ̀kì lápá ẹ̀wù, ìrù ẹyẹ nìkan ló kù.

Ó dúró gbagidi. “Mo rò pé tó o bá rí i, á pa ẹ́ ni.”

“Àìrí i ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.”

“Èmi náà ò lè wò ó. Mo di ojú ni nígbà tí mò ń kùn ún.”

“Ó hàn nínú iṣẹ́ náà,” ni Màmá Ọlọ́dà wí.

Aránṣọ fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé ìka rẹ̀ lé ibi tó kù. Tíṣà ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìrù náà jáde tán, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni wọ́n máa sọ tí ọmọ tó ń bọ̀ bá béèrè ẹni tó ni ẹyẹ yìí.

“A máa sọ pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ni ín,” ni aránṣọ dáhùn, ó fi ọwọ́ ra ikùn. “Ó ní kó máa bá òun tọ́jú ẹ̀.”

Tíṣà bú sẹ́kún. Màmá Ọlọ́dà rọra kó búrọ́ṣì rẹ̀, ó fi yàrá náà sílẹ̀ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bàbá, ìyá, ọmọ tó ń bọ̀ àti ẹni tó ni ẹyẹ.