Àlejò Tí Rẹfirí Kò Lè Lé

Pápá bọ́ọ̀lù etí odò Mọ́ráfà ni Ratomir lo ìgbà èwe rẹ̀ sí, tòun ti fèrè rẹfirí lẹ́nu. Àwọn èrò ìwòran ti lé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Wọ́n ti tú afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ rẹ̀ dànù. Àlùfáà pàápàá ti gbé e ṣépè. Kò yẹsẹ̀. Ohun kan ló ń wá: kí wọ́n gbé e lọ sí líìgì àgbà kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Lọ́la ni Krsman, tó ń yẹ àwọn rẹfirí wò, yóò wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá yege, ó parí nìyẹn.

Òfin sì le: rẹfirí kò gbọdọ̀ bá alága ẹgbẹ́ kankan jẹun kí eré tó wáyé.

Ṣùgbọ́n òní ni ọdún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ilé Ratomir. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, a kì í pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì wá, a kì í lé e.

Velimir, alága ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjì tó máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́la, ló kọ́kọ́ wọlé, tòun ti ìgò ọtí.

"Baálé, ẹ kú ọdún!"

Desanka ìyàwó Ratomir gún ọkọ rẹ̀ nígbọ̀nwọ́. "O fẹ́ lé e ni? Kí ẹni mímọ́ bínú sí wa?"

Láìpẹ́, Gvozden, alága ẹgbẹ́ kejì, náà yọjú.

"Velimir, o rò pé ìwọ nìkan lo mọ̀nà ibí?"

"Jókòó kí o jẹun, ọ̀kánjúwà. Lọ́la, omijé lo máa mu."

Wọ́n ń jẹ, Ratomir ń gbé àwo. Ibẹ̀ ni Krsman, tóun náà yà wọlé, bá a.

"Ratomir, o bá wọn jẹun?"

"Ọ̀gá, onílé kì í jókòó lọ́jọ́ ọdún. N ò tíì fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀."

"Ẹ gbọ́ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń kùn ná," ni Desanka wí.

Krsman tẹ́tí, ó ṣí fìlà, ó fa àga. "Èmi kì í ṣe rẹfirí. Kábéèjì tẹ́ ẹ fi wé ẹran yẹn dà?"

Lọ́jọ́ kejì, Ratomir fún ẹgbẹ́ Gvozden ní pẹnáritì, ó sì fi káàdì pupa lé balógun wọn jáde.

"Olè!" ni Velimir ké. "Ọtí tí mo gbé wá ńkọ́?"

"Ìwọ náà lo mu ún tán, ọ̀mùtí!" Gvozden yíjú sí pápá. "Olè ni lóòótọ́!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn àwọn méjèèjì máa ṣọ̀kan.

Lẹ́yìn eré, Krsman wọ yàrá rẹfirí, ó na ọwọ́ sí i. "O yege. Líìgì àgbà yá."

Ratomir dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára fèrèsé. Àwọn èrò tí inú ń bí ti dí ẹnu ọ̀nà pa.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ lè fo ògiri?"