Wọ́n Ní Kí Màmá Má Dúró

Ẹnu Afẹ́fẹ́ pọ̀ ju atẹ́gùn tó ń fún táyà lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ fọkanáísà ló ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: ẹ̀rọ atẹ́gùn kan tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí ní nǹkan, jáàkì méjì, agboòrùn tó ti ya. Kò sẹ́ni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, àfi ìyá ẹ̀.

Màmá ti ń gbàgbé. Wọ́n gbàgbé pé ọkọ wọn ti kú, wọ́n gbàgbé ìkòkò lórí sítóòfù, díẹ̀ ló kù kí ilé jó. Kò sẹ́lòmíì tó lè mójú tó wọn, ni Afẹ́fẹ́ bá ń mú wọn wá síbi iṣẹ́. Tó bá fún wọn ní àga, kíá, wọ́n á dìde, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ mú ọmọ àwọn níléèwé. Àmọ́ tó bá ní kí wọ́n dúró ti ògiri báńkì tó wà lódìkejì, wọn ò ní mira. Bí wọ́n ṣe máa ń dúró dè é lẹ́nu géètì iléèwé nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọdé. Gbogbo nǹkan ti lọ lórí wọn, ìyẹn ò lọ.

"Màámi, ẹ dúró síbí o. Mò ń bọ̀."

"Tètè jáde o. Má bá wọn jà."

Àfi bí káńsù ìjọba ìbílẹ̀ ṣe kan pátákó mọ́ ògiri yẹn: ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ káńsù méjì dé, ọ̀kan gùn bí òpó iná, ìkejì kúrú.

"Ìyá, kí lẹ dúró ṣe?"

"Ọmọ mi ni. Wọn ò tíì jáde."

Òpó Iná bú sẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ sáré dé, sípánà lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ìyá mi ni. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Àbí wọ́n jọ adigunjalè ni? Báńkì wo lẹni tí kò rí bàtà ẹ̀ fẹ́ fọ́?"

"Ẹnu ẹ yìí á kó bá ẹ," Kúkúrú ní. "Tá a bá tún rí wọn níbí, wọ́n ń bá wa lọ nìyẹn. Kí wọ́n ṣáà ti máa rìn. Ẹni tó ń rìn ò ṣẹ̀ wá."

Kí ló fẹ́ ṣe? Tó bá jókòó tì wọ́n nílé, kí ni wọ́n máa jẹ? Lọ́jọ́ kejì, ó mú wọn jìnnà sí pátákó yẹn díẹ̀ lára ògiri kan náà, ó ń yọjú wò wọ́n. Lọ́rì kan wá dé tòun ti táyà ẹ̀yìn tó fọ́. Afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ ẹ̀. Nígbà tó jáde, ògiri ṣófo.

Obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ káwọ́ lérí. "Èyí gíga yẹn ló ní kí wọ́n má dúró, kí wọ́n máa rìn lọ. Mo pè ẹ́ títí! Ariwo ẹ̀rọ ẹ ò jẹ́ kó o gbọ́."

Ó fi lọ́rì sílẹ̀ lórí jáàkì, awakọ̀ ń ṣépè tẹ̀ lé e. Ó wọ àdúgbò, ó jáde, ó bi gbogbo ẹni tó rí. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó rí wọn létí títì márosẹ̀, lẹ́yìn afárá, bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ti bó, wọ́n ṣì ń rìn.

"Màámi! Ẹ dúró!"

Wọ́n wò ó bí àlejò. "Wọ́n ní n má dúró."

Ó gbá wọn mú. Wọ́n já ara wọn gbà, ni wọ́n bá bú sẹ́kún. "Jẹ́ n lọ! Wọ́n á mú mi. Ta ló máa wá mú ọmọ mi?"

Afẹ́fẹ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ń bá wọn rìn, ó ń fi èjìká darí wọn díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n fi kọjú sọ́nà ilé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fi aṣọ di ẹsẹ̀ wọn. "Màámi, ẹ dúró síbí o. Mò ń bọ̀." Wọn ò dúró, wọ́n ń yí bẹ́ẹ̀dì po. Ó jáde, ó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn níta, ó sì fi etí lé e. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú yàrá: láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé, láti ojú fèrèsé dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀.