Òfin Keje àti Tánkà Omi

Ìjọba ìbílẹ̀ kan ló kọ́kọ́ sá dé Maiduguri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn ará ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso tó fẹsẹ̀ rìn dé. Nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí gba ìlú wọn, alága àti àwọn èèyàn rẹ̀ háyà ilé kan ní Wulari, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe fọtokọ́pì. Wọ́n kọ orúkọ ìjọba wọn gàdàgbà sára géètì. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣèjọba lé lórí ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ alága wà, igbákejì wà, akọ̀wé wà, àwọn kánsẹ́lọ̀ pé, ẹni tó ń po tíì fún wọn náà ò gbẹ́yìn. Àwọn ará ìlú ní tiwọn wà nínú àgọ́ ogunléndé lẹ́yìn Ngomari, lábẹ́ tapólì.

Lọ́jọ́ kan, ìwé wá láti òkè pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin ìwà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kà á sétí aráàlú. Akọ̀wé gbé tiwọn wá fún mi. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ tún táì rẹ̀ ṣe. Èdè Hausa la jọ ń sọ, "Madam" nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń bọ́ sí i.

Òfin méjìlá ni. Ìkeje sọ pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ lo ohun ìní ìjọba fún ara rẹ̀ tàbí fún ilé rẹ̀.

Ohun ìní kan ṣoṣo tó bá wọn sá àsálà ni tánkà omi. Àgọ́ ló yẹ kó máa gbé omi lọ láràárọ̀, ṣùgbọ́n ilé alága ló ń kọ́kọ́ yà, ó tún ń yà nílé akọ̀wé, níbi tí wọ́n ti ń fi omi rẹ̀ fọ mọ́tò. Ìyókù ló ń dé àgọ́. Kí n má parọ́, ó ń yà lọ́dọ̀ èmi náà. Mo máa ń bá dírẹ́bà ṣe fọtokọ́pì ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà á sì rọ omi kún dúrọ́ọ̀mù mi méjèèjì. Omi yẹn ni mo mu kí n tó jókòó tẹ òfin keje.

Ní ọjọ́ kejì, akọ̀wé padà dé.

"Madam, ẹ fi 'láìgba àṣẹ' kún un."

"Àṣẹ ta ni, sà?"

"Ti alága."

Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí n fi "àfi ní àkókò pàjáwìrì" sí i. Mo bi í pé ṣé pàjáwìrì ti tán rí látìgbà tí ogun yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Madam, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, ohun tí òfin keje ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan ìjọba, àyàfi tó bá nílò rẹ̀.

Wọ́n mú mi dání lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ka òfin náà kí n lè pín ẹ̀dà. Lábẹ́ igi dógóyárò nínú àgọ́ ni. Akọ̀wé ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kánsẹ́lọ̀ kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa àti Kanuri. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá àgbàlagbà kan dìde. Hajja ni gbogbo àgọ́ ń pè é. Agbẹ̀bí ni nílùú wọn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí alága fúnra rẹ̀ sí.

"Akọ̀wé, tún ìkeje yẹn kà."

Ó tún un kà.

"Ọjọ́ tí wọ́n jó ìlú wa, ṣé pàjáwìrì ni?"

"Pàjáwìrì ni, Hajja."

"Kí ni tánkà gbé lọ́jọ́ náà?"

Akọ̀wé na ọwọ́ mú táì rẹ̀.

"Èmi rí i. Mo pọn ọmọ ọmọ mi, mo ń fẹsẹ̀ rìn, tánkà wá kọjá lára mi. Àwọn àgbò ilé alága ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà."

Alága dìde, ó ká agbádá rẹ̀ séjìká. "Hajja, àgbò ìjọba ni wọ́n."

Ọkùnrin kan bèèrè láti ẹ̀yìn pé, "Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wo ni wọ́n?"

Ẹ̀rín sọ nínú àgọ́ náà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń rò ó pé bí wọ́n bá mọ̀ nípa dúrọ́ọ̀mù mi ńkọ́?

Alága gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ó sì fi akọ̀wé ṣe olórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ wádìí wádìí, wọ́n rí ọ̀daràn: dírẹ́bà ni. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, ìwé tó ní kó wá wí tẹnu rẹ̀. Wọ́n sì gbé tánkà sínú ọgbà ọ́fíìsì, wọ́n ní ẹ̀rí ni, kò gbọdọ̀ jáde. Bí omi ṣe dá ní àgọ́ pátápátá nìyẹn.

Dírẹ́bà wá sọ́dọ̀ mi kí n bá a tẹ èsì. Ó ka gbogbo ibi tí wọ́n rán an dé, ó fo tèmi.

Mo ní, "Fi ṣọ́ọ̀bù mi sí i."

"Haba, Madam! Ṣé kí wọ́n lè wá mú yín?"

Mo fi í sí i. Wọ́n lé dírẹ́bà lẹ́nu iṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ mi, nítorí pé ìwà mi kò bá òfin mu.

Ara mi ò balẹ̀. Mo gba àgọ́ lọ, mo jẹ́wọ́ fún Hajja. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mo ti mọ̀. Lọ́jọ́ tí ò ń pín ìwé, ìwọ nìkan ni aṣọ rẹ̀ mọ́ láàárín gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀. Jókòó, wá bá wa kọ lẹ́tà sí òkè nítorí tánkà."

Lẹ́tà yẹn dé òkè. Wọ́n tú tánkà sílẹ̀, omi sì padà sí àgọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mìíràn wà tí kì í dé. Dírẹ́bà ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àlùbọ́sà láti Gamboru báyìí, ó ní àlùbọ́sà kì í fúnni ní kúẹ́rì. Wọ́n gbé alága lọ sípò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Akọ̀wé ló wá di alága. Bó bá rí mi ní títì, táì rẹ̀ ló ń wò.