Ọjọ́ Tí A Dúnàádúrà Owó Ilé

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Calgary ní Canada ni mo ná tòmátì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Forest Lawn. Ọmọbìnrin tó ń gba owó wo ojú mi, ó wo tòmátì, ó sì tún iye rẹ̀ pè fún mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Ojú tì mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, iye tí wọ́n bá pe ọjà fún mi ni mò ń san, bí ẹyin tilẹ̀ wọ́n bí ẹran.

Penbrooke ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin ń gbé, nínú basement, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀, ní ilé ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gbé ìyàwó mi dé ibi iṣẹ́ ní Sunridge. Daycare ọmọ wa ò sì jìnnà sílé rárá. Nígbà tí owó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè káàkiri ìlú, màmá onílé wa wá kanlẹ̀kùn, wọ́n pe iye tí tiwa máa di. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Okay ma, ẹ ṣé mà." Wọ́n dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tó ń retí nǹkan, kí wọ́n tó gòkè padà.

A ò lè san án. Ìyàwó mi ò bá mi jà, ó kàn ń wá ilé lórí fóònù lójoojúmọ́. Èyí tí agbára wa ká jìnnà débi pé bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni yóò máa wọ̀. Èyí tó sún mọ́ wa ò ní fèrèsé, onílé tún ní ká má ṣe se ẹja níbẹ̀. Mo ní mi ò lè bá ẹni tó ń bẹ̀rù ẹja gbé. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́.

A gbà láti lọ sí èyí tó jìnnà, a sì ti di ẹrù tán nígbà tí màmá gbé mọ́ínmọ́ín wá fún ọmọ wa, tí wọ́n rí páálí nílẹ̀.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ máà bínú mà, we can't afford the new rent."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ san án? Mo pe owó, mò ń retí kó o ná an, o ní o ṣé. Ṣé òyìnbó ni mí ni?"

Mo gbé páálí ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Daddy, are we still moving?" ni ọmọ wa béèrè.

"Ó kù sọ́wọ́ daddy ẹ," ni màmá dá a lóhùn. Wọ́n jókòó sórí páálí ìwé mi. "Oyá, ná an."

Mo pe iye kan tó wálẹ̀ jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí bank gba ilé lọ́wọ́ àwọn ni, pé mortgage tí àwọn ń san fún bank lórí ilé náà ti gbówó lórí, òun ló jẹ́ káwọn padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn táwọn ti fẹ̀yìn tì. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi díẹ̀ kún un, wọ́n yọ díẹ̀ kúrò. Nígbà tó yá, ohùn wọn rọlẹ̀.

"Bẹ́ ẹ bá lọ, ẹni tí mi ò mọ̀ ni mo máa gbà sílé. Èmi nìkan ló wà lókè yẹn o. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ìyàwó mi ló wá pe iye tó wà láàárín. Màmá gbà. Kí a tó dúpẹ́ tán, ọmọ wa ti ń kó bàtà rẹ̀ jáde nínú páálí, ó ń tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá wò ó títí, ni wọ́n bá tún yọ díẹ̀ kúrò nínú owó náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ná an.