Òṣùwọ̀n Nehemiah

Ẹ bi àgbàlagbà èyíkéyìí ní Ìwàrà, wọn á sọ fún yín nípa ọjọ́ tí Nehemiah Béjidé gbé iyán àna kọ́ ara ilẹ̀kùn. Ọmọ Iléṣà ni, akọ̀wé ìsọ̀ kòkó, òun ló ń bá àwọn àgbẹ̀ wọn kòkó wọn. Lọ́dún 1980, ó lọ tọrọ Wúrà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n gbé iyán kalẹ̀, funfun báláú, ooru ń rú lórí rẹ̀. Nehemiah dìde, ó fa òṣùwọ̀n kékeré onírin yọ nínú àpò, ó fi kọ́ ìṣó ara ilẹ̀kùn, ó wé iyán sínú ewé, ó sì so ó rọ̀.

Bàbá Ọlágòkè, bàbá Wúrà, la ẹnu sílẹ̀.

"Ọmọ Béjidé, ṣé kòkó la gbé fún ọ ni?"

"Rárá, sà. Kòkó ò lè pa mí. Iyán lè pa mí."

Ó gé èyí tó lé kúrò, ó dá a padà sínú abọ́. Ó ká ẹ̀wù sókè, ó gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ níkùn. Ìyá Wúrà figbe ta: "Yéè! Ẹ gbà mí o!" Nehemiah wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ó di ogún ìṣẹ́jú sí i kí n tó jẹun. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ ṣíwájú òkèlè."

Ṣé ẹ mọ̀ pé onílé kì í jẹun ṣáájú àlejò. Gbogbo ilé bá jókòó, wọ́n ń wo iyán, iyán ń wò wọ́n. Ọbẹ̀ dì. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú fi pé, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi iyán ọ̀hún mọ odi.

"Mi ò lè fọmọ fún ẹni tó ń wọn òkèlè," ni Bàbá Ọlágòkè wí.

Wúrà yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá, ẹni tó ń wọn òkèlè kó má baà kú, kò fẹ́ fi mí ṣe opó nìyẹn." Kí ọdún tó yí po, ó ti di ìyàwó Nehemiah.

Kí ẹ má rò pé ahun ni o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí àtọ̀gbẹ mú un. Kì í ṣe èyí tó ń mú àgbàlagbà, tí wọ́n lè fi oògùn oníhóró bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń mú ọmọdé ni. Ara rẹ̀ kò pèsè ínsúlìn tó yẹ kó máa darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mọ́, abẹ́rẹ́ ló kù, lójoojúmọ́, títí ayé. Ó rù kan eegun kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Phebe, àbúrò bàbá rẹ̀, fa Julianah ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ibùsùn.

"Ìyàwó wa, ẹ gbé ọkàn kúrò lára ọmọ yìí. Kò ní í pẹ́."

Kí òbí sin ọmọ! Ta ló ń gbàdúrà irú ẹ̀? Julianah wó lulẹ̀, ó ń ké. Àfi bí ọmọ tó wà lórí ibùsùn ṣe lajú.

"Màmá, ẹ dákẹ́ ẹkún. Èmi ni màá sin yín."

Nọ́ọ̀sì bínú, ó ní ọmọ burúkú wo ló ń sọ̀rọ̀ òkú sí ìyá rẹ̀. Julianah nu ojú nù. Ó ní kí nọ́ọ̀sì jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó tún un sọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti di kíkí àárọ̀ ilé wọn. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà nígbà náà. Ìtọ̀ ni Nehemiah ń kán sínú omi oògùn aláwọ̀ búlúù, tí á gbé e lé iná. Bó bá pọ́n, ṣúgà ti pọ̀ jù. Bó bá dúró ní búlúù, ire ni.

"Màmá, búlúù ni o!"

"Wàá sin mí!"

Sikirat, ayálégbé kan tó ti Òṣogbo wá, gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó kó wọlé. Ó ní, "Subuhánalláà! Irú àwọn èèyàn wo ló ń fi ìsìnkú kí ara wọn káàárọ̀?" Nígbà tó gbọ́ ìdí ẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe àmín.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ó di pé kí ó gún ìka, kí ó pe iye tó bá rí. "Màmá, àádọ́fà!" "Wàá sin mí!" Àmọ́ bó bá ti lé ní igba, Màmá á jáde síta. "Kí lo jẹ?" Ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́ta á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nítorí dòdò.

Bí ṣúgà rẹ̀ bá sì wálẹ̀ jù ńkọ́? Á làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á wá máa bú èèyàn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀: bí Nehemiah bá bú ọ, má dá a lóhùn, fún un ní súìtì. Níbi ìkórè ọdún kan, Barnabas, alága ọjọ́ náà, ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Nehemiah fò dìde.

"Barnabas, jókòó! Ọ̀rọ̀ rẹ gùn ju ẹ̀bùn tó o mú wá lọ!"

Àwọn ìyá ìjọ sáré bò ó. Ọ̀kan ki súìtì sí i lẹ́nu, èkejì da mínírà tẹ̀ lé e. Nehemiah gbé gbogbo ẹ̀ mì, ó na ẹ̀rọ rẹ̀ sókè.

"Mo ti wò ó kí n tó dìde. Àádọ́fà ni! Ohun tí mo sọ, mo mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ tún wá jẹ́ kí n máa wá abẹ́rẹ́ nítorí mínírà yín."

Barnabas jókòó. Ìjọ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rù bà wá lẹ́ẹ̀kan ṣá. Ó ku díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí egbò yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Dókítà ní bí kò bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn á gé ẹsẹ̀ náà. Nehemiah kojú sí ògiri, kò fẹ́ wo ṣúgà mọ́, ó ní ó ti rẹ òun. Màmá Julianah ti lé ní ọgọ́rin dáadáa nígbà náà, ó tẹ ọ̀pá wọlé.

"Nehemiah, ṣé ẹsẹ̀ kan lo fẹ́ fi jó níbi ìsìnkú mi?"

Ó yíjú padà. Ó na ìka sí Wúrà. "Gbé ẹ̀rọ wá." Kò fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, kò fo abẹ́rẹ́ kan, kò sì tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, dókítà tú egbò wò, ó ní kí wọ́n gbé ayùn padà.

Lọ́dún 2021, Màmá sùn, kò jí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Phebe tó ní Nehemiah ò ní í pẹ́ ti lọ láti ogún ọdún ṣáájú, Nehemiah sì wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Létí sàréè Màmá, pásítọ̀ ní kí àkọ́bí wá bu erùpẹ̀ sí i. Nehemiah ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú kan. Ó gún ìka, ó wo ẹ̀rọ, ó tẹ̀ síwájú.

"Màmá, àádọ́fà!"

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni Màmá ti ń dá a lóhùn láràárọ̀. Ètè Nehemiah ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ṣúgà. Wúrà ló gbé ohùn sókè.

"O ti sin ín!"

"O ti sin ín!" ni gbogbo wa gbà á. Nehemiah bu erùpẹ̀ sí i, ó sì jó. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi jó.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sin òun náà bó ṣe yẹ kí ọmọ sin bàbá, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin. Nígbà tí a ti ibojì dé, wọ́n gbé iyán kalẹ̀, ooru ń rú lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tó nawọ́. Wúrà wo aago. Àwa náà jókòó tì í, à ń wo iyán, títí ogún ìṣẹ́jú fi pé.

Iyán ti le. Gbogbo wa la jẹ ẹ́ tán.